Mo pè é ní ìwọ̀sí, àṣé etí ni

Ẹ jẹ́ n kọ eléyìí sílẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. Ọdún keje rèé tí mo ti ń gbé ilé alájọgbé. Ilé alájà mẹ́ta ni, kálukú ní yàrá tiẹ̀, àmọ́ kíṣìnì kan náà là ń lò, balùwẹ̀ méjì, páséèjì kan, àtẹ̀gùn kan. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún 26 nígbà tí mo kó débẹ̀. Àjà kejì ni yàrá mi wà, yàrá tó wà lókè mi ṣófo, Bàbá kan tí wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún ló wà nísàlẹ̀ mi gẹ́lẹ́, Màmá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ògiri kan ló là wá láàárín. Àwọn ọ̀dọ́ bíi tèmi ló pọ̀ jù nínú àwọn yàrá tó kù, àgbàlagbà mélòó kan náà sì wà níbẹ̀. Orí láptọ́ọ̀pù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òru sì ni iṣẹ́ mi máa ń wọra jù, nígbà tí gbogbo ilé bá ti pa lọ́lọ́, kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀ aago méjì ti lù.

Aago márùn-ún ìdájí ni rédíò Bàbá máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn á gba ilẹ̀ yàrá mi jáde bí ẹni pé ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo fi pílò bo orí, mo ki òwú bọ etí, pàbó ló já sí. Tó bá tún di alẹ́, tẹlifíṣọ̀n á gbà á lọ́wọ́ rédíò. Mo wá sọ fún ara mi pé Bàbá yìí kàn ò ka ẹnikẹ́ni sí ni, pé torí wọ́n ti dàgbà wọ́n rò pé àwọn nìkan ló nilé. Ìtumọ̀ tí mo fún un nìyẹn, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan tí mi ò tíì sùn tó wákàtí mẹ́ta, inú bí mi, mo gbé fóònù, mo kọ ọ́ sórí gúrúùpù ilé wa lórí WhatsApp pé kí ẹni tí kò bá mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń gbé ilé yìí jọ̀ọ́ kó yí rédíò ẹ̀ wálẹ̀ ní kùtùkùtù. Mi ò dárúkọ, àmọ́ ta ni ò mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi àtàǹpàkò sí i, ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo bá òun sọ ọ́. Bàbá kì í ka gúrúùpù yẹn, ojú wọn ò gbé lẹ́tà kéékèèké, ọjọ́ kẹta ni àgbàlagbà míì tó kà á sí wọn létí, nígbà tí gbogbo ilé ti kà á tán. Mo pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n dúró, wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, wọ́n ní: "Yàrá ẹ ló wà lórí tèmi yìí. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà láàárín wa. O ò lè sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Wọ́n ní "Ó dáa," wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn gan-an o. Torí lójú tèmi, kíkọ tí mo kọ ọ́ yẹn, ìbọ̀wọ̀ ni mo pè é. Àwa tí a dàgbà sọ́wọ́ fóònù, kí èèyàn kàn wá kan ilẹ̀kùn ẹni láìkọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, àyà ẹni á já, a ó rò pé nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀ tàbí pé ẹni náà wá jà ni. A máa ń kọ ọ́ kí ẹni náà lè kà á nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lójú Bàbá, ìwé la máa ń kọ síni nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ti tán, tó ti di ẹ̀sùn, tó ku ẹjọ́. Kí ọmọ tó ń gbé lókè orí wọn wá kọ ìwé sí wọn níwájú gbogbo ilé láìtíì bá wọn sọ gbólóhùn kan rí, wọ́n kà á sí pé mo ti bá wọn parí ni. Nǹkan kan náà la ṣe, ìtumọ̀ méjì ló ní, kò sì sẹ́ni tó purọ́ nínú àwa méjèèjì.

Oṣù kan gbáko la ò fi ní ju "ẹ káàárọ̀ o" lọ láti sọ fún ara wa, ìyẹn náà á jáde bí ẹni pé wọ́n ń fi ọwọ́ fà á yọ.

Tẹlifíṣọ̀n ló parí ìjà wa. Tẹlifíṣọ̀n wọn ṣàdédé ṣú lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wá ẹni tó máa bá wọn tún un ṣe, èmi nìkan ni wọ́n bá pàdé ní kíṣìnì. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní yàrá mi lókè tó ń bá mi parí iṣẹ́, mo ní n bọ̀, mo tẹ̀ lé Bàbá. Bí mo ṣe ń tẹ rìmóòtù báyìí ni mo gbọ́ ọ lórí mi: gbì, gbì, gbì, ẹni tó ń fi gìgísẹ̀ rìn. Lẹ́yìn ẹ̀ àga wọ́ nílẹ̀, kííírrr, ó gùn bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí irin. Gíláàsì méjì tó wà lórí pẹpẹ Bàbá fara kanra, wọ́n ń dún wínrinwínrin. Mo gbójú sókè, mo ní, "Bàbá, kí nìyẹn?" Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ni. Bó ṣe máa ń rí lálaalẹ́ nìyẹn, títí aago méjì."

Ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe oníjàgídíjàgan o, kò sì wọ bàtà. Bí èmi náà ṣe máa ń rìn ló ń rìn yẹn. Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní àwọn rò pé tí àwọn bá sọ ọ́, màá ní arúgbó yìí ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbádùn yàrá tó ń sanwó lé lórí. Wọ́n ti gbé e mọ́ra fún ọdún kan àti oṣù mélòó kan, èmi tí mo gbé tèmi mọ́ra fún bí oṣù mẹ́ta péré ni mo lọ kọ ọ́ síta. Ojú tì mí gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Nǹkan kan wá ń rú mi lójú. Tí Bàbá bá ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi tó bẹ́ẹ̀, báwo ni wọn ò ṣe mọ̀ pé rédíò wọn ń pariwo? Mo rò ó pé wọ́n mọ̀, wọ́n kàn ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo lọ kà nípa ẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu bí mi ò ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Tí etí bá ń dàgbà, ohùn tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ máa ń pàdánù, èyí tó ki tó sì wúwo á ṣì máa wọlé dáadáa. Ohùn tó tín-ín-rín yìí ló sì gbé àwọn ìró bíi s, f, t àti k dání, àwọn ìró tó ń jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíì. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà á fi sọ pé òun ń gbọ́ ohùn ẹ, ohun tó ò ń sọ gan-an ni òun ò gbọ́, tí á sì máa yí rédíò sókè sí i kó lè mú ọ̀rọ̀ jáde. Ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀ ní tiẹ̀, ohùn tó wúwo ni, ara ilé gan-an ló ń gbà kọjá, kò sí ògiri tó lè dá a dúró bọ̀rọ̀, etí arúgbó á sì gbọ́ ọ yékéyéké. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn tó ti kọjá ẹni 60 ọdún tí ìṣòro etí gbígbọ́ ń dà láàmú gidi. Ẹ wo iye èèyàn tí àwọn aládùúgbò ń pè ní aláìbìkítà lórí ohun tó jẹ́ ọ̀ràn etí.

Òmíì tún wà níbẹ̀ tó máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀. Màá bá Bàbá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní "sọ ọ́ sókè", màá sọ ọ́ sókè, wọ́n á ní "kí ló dé tó ò ń jágbe mọ́ mi?" Mo rò pé wọ́n kàn ń wá ìjà ni. Etí tó ti ń kú ò gbọ́ ohùn kékeré, àmọ́ tí ohùn bá ti ga dé ibì kan, kíá ló máa ń di ariwo tó ń dunni, àyè tó wà láàárín "mi ò gbọ́" àti "ó ti pọ̀ jù" ti fún pọ̀. Igbe ò wúlò níbẹ̀. Ohun tó wúlò ni kí o dúró síwájú wọn, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú ẹ kí wọ́n lè rí ẹnu ẹ, kí o rọra sọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú, tí wọn ò bá sì gbọ́ ọ, má tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, fi ọ̀rọ̀ míì sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò rántí ìgbà tí èmi àti Bàbá pariwo mọ́ra wa mọ́.

Oorun náà ní tiẹ̀. Mo ti máa ń gbọ́ ọ láti kékeré pé ọ̀dọ́ tó ń sùn di aago mẹ́sàn-án ọ̀lẹ ni, àwa náà sì máa ń sọ láàárín ara wa pé kí ni arúgbó ń wá ní ìdájí, ibo ló ń lọ. Aago wà nínú ara èèyàn, wọ́n tiẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017 lórí bí aago yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí èèyàn bá wà ní bí ọmọ ọdún 20 ni aago yẹn máa ń pẹ́ jù, àti sùn àti jí, tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í padà síwájú díẹ̀díẹ̀, tí ọjọ́ ogbó bá fi máa dé, ara á ti máa fẹ́ sùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ojú á sì là kí ilẹ̀ tó mọ́, kódà oorun á fúyẹ́, nǹkan kékeré á jí i. Bàbá ò mọ̀ọ́mọ̀ jí ní aago márùn-ún láti fi ìyà jẹ mí. Ojú wọn ti là láti aago mẹ́rin, wọ́n dúró di márùn-ún kí wọ́n tó tan rédíò, lójú tiwọn wọ́n ti ṣe sùúrù. Èmi náà ti dúró di aago méjì kí n tó sùn, mo sì rò pé mò ń rìn jẹ́jẹ́.

Ohun tá a ṣe ò pọ̀, ọjọ́ Sátidé kan la fi ṣe gbogbo ẹ̀. Mo ra rọ́bà kéékèèké tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo àga àti tábìlì mi, mo tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn sí ibi tí mo ti máa ń rìn jù, láti ibi bẹ́ẹ̀dì dé ibi tábìlì, mo sì ra sílípáàsì tó rọ̀. Ní ti Bàbá, a yọ rédíò kúrò lórí pẹpẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, torí ohun tó bá ń dún lórí pákó tó lẹ̀ mọ́ ògiri, gbogbo ògiri yẹn ló ń bá a dún. A gbé e sórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, a fi aṣọ tó nípọn sábẹ́ ẹ̀. Bó ṣe sún mọ́ etí wọn báyìí, wọn ò nílò kí wọ́n yí i sókè tó ti tẹ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n, mo bá wọn tan àkọlé ìsàlẹ̀ tó ń kọ ọ̀rọ̀ jáde, mo sì sọ lẹ́tà ẹ̀ di ńlá. Mo fi fóònù wọn ariwo ní yàrá mi ṣáájú àti lẹ́yìn, kò péye tó ẹ̀rọ gidi, àmọ́ ó ti ń sọ bíi 50 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) tẹ́lẹ̀, ó wá wálẹ̀ sí 35. WHO ní kí inú yàrá tí èèyàn ń sùn má kọjá 30 lóru, ìyẹn bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. A ò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń sùn.

Ó gba ọdún méjì gbáko kí Bàbá tó gbà láti lọ yẹ etí wọn wò, wọ́n wá ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ báyìí, kì í ṣe lójoojúmọ́ ṣá. Àwọn náà ló kìlọ̀ fún mi nípa íápíìsì tó ń wà létí mi tọ̀sán tòru, wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn ṣe nídìí ẹ̀rọ aláriwo nígbà èwe ló ba etí àwọn jẹ́, ọjọ́ ogbó kàn wá parí ẹ̀ ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni, àṣé òótọ́ ni, WHO sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan ló wà nínú ewu nípa bí wọ́n ṣe ń gbọ́ nǹkan sókè jù. Mo ti yí i wálẹ̀.

Màmá ẹ̀gbẹ́ mi ló kọ́ mi nípa ojú. Ẹnì kan nínú àwa ọ̀dọ́ yọ gílóòbù funfun tó wà lórí àtẹ̀gùn, ó fi aláwọ̀ pupa rúsúrúsú sí i, ó ní ó tura, ó sì tura lóòótọ́, gbogbo wa yìn ín. Láti ọjọ́ yẹn Màmá ò sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ mọ́. A rò pé wọ́n ń bá wa bínú. Mo lọ bá wọn (mo ti mọ̀ báyìí pé kí èèyàn lọ fúnra ẹ̀), wọ́n mú mi lọ́wọ́ jáde, wọ́n ní kí n wo àtẹ̀gùn, wọ́n ní "ibo ló ti parí?" Èmi rí i dáadáa. Wọ́n ní lójú tàwọn, pẹrẹsẹ kan ṣoṣo ni, àwọn ò rí ibi tí ìkan ti parí tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ẹni 60 ọdún nílò ìmọ́lẹ̀ tó tó ìlọ́po bíi mẹ́ta ti ẹni 20 ọdún kó tó ríran bákan náà. Ìṣubú ò sì kéré, WHO ní èèyàn 684,000 ló ń kú lọ́dún nípa pé wọ́n ṣubú, àwọn tó ti lé ní 60 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. A dá gílóòbù funfun padà, a fi téèpù funfun lẹ etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, bàtà tí a máa ń tò sórí àtẹ̀gùn, a kó gbogbo ẹ̀ kúrò. Màmá kọjá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń ka téèpù yẹn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ení, èjì, ẹ̀ta.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ara ń fà o, mi ò ní tan yín. Àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹni wọlé láìkàn án, tó bá sọ̀rọ̀ ní mítìn ilé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, torí òun ló dàgbà jù. Iye kan náà la jọ ń san, kí ló dé tí ẹnu ò fi ní jẹ́ iye kan náà? Ìyẹn kì í ṣe etí, kì í ṣe ojú, àṣejù ni, mo sì sọ ọ́ lójú wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò dùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń kan ilẹ̀kùn báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ mi náà ní tiwọn. Ẹni tó máa fi íápíìsì sétí kọjá lára àgbàlagbà láìwò ó, tó máa fi ìdọ̀tí kíṣìnì sílẹ̀ di ọ̀túnla, kò sí ìwádìí kankan tó máa gbà á sílẹ̀. Títí di òní, a ò tíì fẹnu kò lórí àlejò òru. Àwọn àgbà ní ilé ò gbọ́dọ̀ gba àlejò lẹ́yìn aago mẹ́wàá, àwa ní aago mẹ́wàá ni ọjọ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, a ti jókòó lé e nígbà mẹ́rin, kò níyanjú.

Gúrúùpù ilé wa ṣì wà. Ohùn la máa ń ká síbẹ̀ báyìí dípò kíkọ, torí Màmá àti àwọn àgbà tó kù lè gbọ́ ọ léraléra, tó bá sì jẹ́ ẹ̀sùn, a ti fi í lélẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dé orí gúrúùpù láìjẹ́ pé o ti kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn ẹni náà.

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ẹni ọdún 21 kó wọ yàrá tó ti ń ṣófo lókè mi. Mo ti lé ní 30 báyìí, iṣẹ́ ti yí padà, aago mẹ́fà ni mo máa ń jí. Alẹ́ kejì tó dé, bí aago méjìlá ṣe ń lọ lù, mo gbọ́ ọ lórí mi: gbì, gbì, gbì, kííírrr. Ọwọ́ mi ti wà lórí fóònù, mo ti kọ ọ́ dé ìdajì lórí gúrúùpù kí n tó rántí, mo pa á rẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo wá rọ́bà ẹsẹ̀ àga mẹ́rin tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ sí, mo gun òkè lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Ó ṣí i díẹ̀, ojú ẹ̀ ti dàrú, ó ní "Àǹtí, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, mo ní kó jọ̀ọ́ kó lọ jókòó sórí àga mi nísàlẹ̀, kó pè mí lórí fóònù tó bá ti débẹ̀. Ó lọ, ó pè mí. Mo bọ́ bàtà, mo rìn láti ibi bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ dé ibi tábìlì, mo fa àga ẹ̀ sẹ́yìn.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, ṣé bí mo ṣe máa ń rìn nìyẹn?"